Ewu Ìdí Ẹ̀rọ Lathe: Igi Tó Ń Yí Ni Ká Bẹ̀rù Ju Irin Lọ

Nígbà tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ igi yíyí bá kọ́kọ́ dúró ti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè fi irin gbẹ́ ẹ di roboto, ṣiṣẹ́, irin mímú tó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ náà ni ojú rẹ̀ máa ń lọ bá. Ibẹ̀ ló rò pé ewu fi ṣe ibùjókòó. Èrò yìí kò yani lẹ́nu, nítorí pé nídìí ayùn oníná àti ẹ̀rọ ìfági, irin ló ń sáré, igi ni wọ́n ń rọra tì sí i. Ti lathe kò rí bẹ́ẹ̀: igi gan-an ló ń yí, irin sì dúró lọ́wọ́ èèyàn. Irin ìgbẹ́gi tó wà lórí tábìlì lè gé èèyàn lọ́wọ́ bó bá fi àìfarabalẹ̀ mú un, àmọ́ kò ní agbára kankan tirẹ̀. Igi tó wúwo tó kìlógíráàmù mẹ́ta, tó ń yí ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú kan, lè pa èèyàn.

Ohun tó ń mú kí òfin ààbò nídìí ẹ̀rọ yìí rú ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lójú nìyí. Wọ́n ní kó má wọ ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ní kó wọ̀ nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní irin tó mú kò léwu tó èyí tó kújú. Wọ́n ní bí igi bá ṣe tóbi tó ni kó ṣe dín eré ẹ̀rọ kù tó. Wọ́n ní bébà ni kó fi nu igi, kó má fi aṣọ kàn án. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí láìsọ ohun tó fà á, yóò há a sórí, yóò sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ń kán an lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ti yé e pé inú igi tó ń yí ni gbogbo agbára ẹ̀rọ náà wà, òun fúnra rẹ̀ yóò lè ronú kan èyí tó pọ̀ jù nínú òfin wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà ẹ̀rọ náà. Ní apá òsì oníṣẹ́ ni orí ẹ̀rọ wà, níbi tí ọ̀pá irin kan ti yọ jáde, èyí tí iná mànàmáná ń yí. Ọ̀pá yìí ni a ń de igi mọ́. Ní apá ọ̀tún ni ìdí ẹ̀rọ wà, tó ṣeé tì síwá tì sẹ́yìn, tó sì ní ṣóńṣó kan tí a fi ń ti igi láti òdìkejì. Láàárín àwọn méjèèjì ni ìdábùú irin wà, tí a ń gbé irin ìgbẹ́gi lé kó má bàa jẹ́ pé ọwọ́ lásán la fi gbé e dúró. Igi gígùn, bí ẹsẹ̀ àga tàbí ẹsẹ̀ tábìlì, ni a máa ń dì mú ní orí àti ní ìdí. Abọ́ ni a sábà máa ń dì mú ní orí nìkan, kí àyè lè wà láti gbẹ́ inú rẹ̀. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ní ìhà ibi tí oníṣẹ́ dúró sí, òkè ni igi ti ń yí bọ̀ wá sísàlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjágbà, ìyẹn kí igi tó ń yí já irin gbà lójijì.

Ọ̀rọ̀ eré ló yẹ kó ṣáájú. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn, iye ìgbà tí igi yí láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń sọ. Kò sọ bí etí igi náà ṣe ń sáré tó. Ẹ mú ẹsẹ̀ àga tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ yí i ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú kan: etí rẹ̀ yóò máa sá eré bíi kìlómítà 9 ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ẹni tó ń sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lè bá a rìn. Ẹ gbé abọ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sórí ẹ̀rọ kan náà, láìfọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn: etí abọ́ náà yóò máa sá eré kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá wá gbé nọ́ńbà náà dé 2000, eré etí abọ́ di kìlómítà 113, agbára tó wà nínú rẹ̀ kò sì di ìlọ́po méjì bí èèyàn ṣe lè rò, ìlọ́po mẹ́rin ló dà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “ìgbà 1000 kò pọ̀ jù” kò tíì sọ nǹkan kan, àfi tó bá sọ bí igi náà ṣe fẹ̀ tó.

Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń yí igi máa ń lò láti fi wọn ibi tí eré yẹ kó dé. Wọn yóò fi fífẹ̀ igi náà, ní sẹ̀ǹtímítà, sọ iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan di púpọ̀. Ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi 15,000 sí 23,000 lọ. Abọ́ oní-sẹ̀ǹtímítà 30 kò gbọdọ̀ ju ìgbà 500 sí 770 lọ nìyẹn. Fún igi oní-sẹ̀ǹtímítà 10, ó wà láàárín 1500 àti 2300. Fún igi tẹ́ẹ́rẹ́ oní-sẹ̀ǹtímítà 5, ìṣirò náà gòkè kọjá 3000, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò sì ní lè sá eré tó 4600 tó jẹ́ òpin rẹ̀; lójú tèmi, kò sí ohun tó ń lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ débẹ̀. Òkè téńté ni nọ́ńbà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ibi tí a gbọ́dọ̀ dé dandan. Igi tó ti rí roboto, tó dọ́gba yíká, tí kò sì ní àbùkù sì ni wọ́n wà fún. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, ibi tí eré ẹ̀rọ ti kéré jù lọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; bí ẹ̀rọ bá ti ń gbọ̀n, ẹ dín eré náà kù, ẹ má ṣe retí pé gbígbọ̀n náà yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí jàǹbá eré máa ń gbà wáyé ju èyí tí èèyàn lè rò lọ, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú àìmọ̀kan rárá. Oníṣẹ́ yí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lánàá ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì pa ẹ̀rọ láìdá nọ́ńbà náà padà. Lónìí, ó gbé ìtì igi ńlá kan tí kò tíì yípo dáadáa sórí rẹ̀, ó dè é mọ́ra, ó tẹ bọ́tìnnì. Kí ó tó ráyè pa á, igi ti fò. Ìdí nìyí tí wíwo eré ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú títẹ bọ́tìnnì nígbà gbogbo, kódà bó jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń lo ẹ̀rọ náà. Lára ẹ̀rọ tó ń lo bẹ́líìtì, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí ibi tí bẹ́líìtì wà.

Bí igi bá wá já, ibo ló ń lọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ rò ni pé ibi gbogbo ló lè fò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Gẹ́gẹ́ bí òkúta ṣe ń kúrò lójú kànnàkànnà ní ọ̀gbọọrọ láti ibi tó dé nínú yíyí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ègé igi ń kúrò lára èyí tó ń yí. Kì í sábà lọ sí ìhà orí ẹ̀rọ tàbí ìhà ìdí ẹ̀rọ. Iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń gbà lọ, ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí igi náà wà gan-an. Ẹ fojú inú fa ìlà kan tó gba àárín igi kọjá, tó dábùú ẹ̀rọ, tó gòkè dé òrùlé, tó sì kọjá lórí ibi tí oníṣẹ́ sábà máa ń dúró sí. Ojú ọ̀nà ìfò igi nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ, tàbí tí ẹ bá ń fi kún eré rẹ̀, ẹ yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yìí, kí ẹ dúró sí ìhà orí tàbí ìhà ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kó yí fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá wá wòran náà kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà yìí, kò sì dára kí ilẹ̀kùn tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé dojú kọ ọ́.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá ọwọ́ yín lè dé bọ́tìnnì ìpaná láìgba ojú ọ̀nà ìfò náà kọjá. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń ṣe bọ́tìnnì mìíràn tó ní òòfà, tí wọ́n lè gbé lẹ̀ mọ́ ìhà ìdí ẹ̀rọ; owó tó dára ni ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ná. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tí kò sí tẹ́lẹ̀, tó ń dún “ká, ká, ká” bí igi ti ń yí, tàbí tí gbígbọ̀n ẹ̀rọ bá yí padà lójijì, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná, kí ẹ tó pa á. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó ń dún. Ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ mú igi kó lè tètè dúró.

Igi tí kò já kò ní fò, nítorí náà bí a ṣe yan igi àti bí a ṣe dè é jẹ́ ara ààbò. Ẹ fi ojú àti ìka wo igi náà yípo: ṣé ó ti là níbì kan, ṣé kókó rẹ̀ ń mì, ṣé èèpo igi wọ inú ara rẹ̀, ṣé ìṣó wà nínú rẹ̀? Igi tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú, kì í ṣe kó gbẹ lójú nìkan. Lẹ́nu chuck, ìyẹn ohun èlò tó fi eyín irin mẹ́rin fún igi mọ́ra, kùkùté roboto tí a gbẹ́ sídìí igi náà ni a ń fún, kì í ṣe ara igi lásán. Kùkùté yìí kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ chuck. Èjìká igi tó yí i ká ló yẹ kó jókòó dáadáa sórí eyín irin náà, nítorí pé èjìká yẹn ló ń jẹ́ kí igi dúró ṣinṣin nígbà tí irin bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ sìkúrù ni ẹ fẹ́ fi de igi mọ́ àwo irin, ẹ má ṣe lo sìkúrù dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń de pákó àjà: ó le, àmọ́ kò ní ìfaradà, ó sì máa ń kán pátá bí nǹkan bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ìdí ẹ̀rọ wá ti igi náà, kódà bí chuck bá ti dì í mú, kí ẹ má sì gbé e kúrò àfi nígbà tí iṣẹ́ bá béèrè fún un. Kọ́kọ́rọ́ chuck kò gbọdọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí bọ́tìnnì.

Lẹ́yìn dídè, ẹ fi ọwọ́ yí igi náà ní odindi ìyípo kan kí ẹ tó tan iná. Bó bá máa kọ lu ìdábùú, ọwọ́ yín ni yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ojú wá kàn. Awò ìdáàbòbò lásán kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé imú, ẹnu àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níta. Ìbòjú oníke tó bo ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n ni a ń lò, èyí tó ní àmì Z87+ ti òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà tàbí EN 166 ti Yúróòpù, kí a sì wọ awò ìdáàbòbò sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú tí a bá ṣí ìbòjú náà sókè láti wo iṣẹ́ ni èérún igi máa ń kó sójú. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọkàn tán ìbòjú oníke ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wúlò fún èérún, èèpo igi àti ègé kéékèèké. Bí ìdajì abọ́ ńlá bá fi eré kìlómítà 56 gbá a, kò lè gba ọrùn àti ọpọlọ là. Yíyẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ìfò ló lè ṣe ìyẹn.

Ìjágbà ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ohun tó sì ń dẹ́rù ba ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ju ohunkóhun lọ nìyí, nítorí pé ó máa ń wá lójijì bí ẹni pé ẹ̀rọ ń bínú. Kò sí ìbínú kankan níbẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oníṣẹ́ na ẹnu irin sí igi tó ń yí kí irin náà tó jókòó sórí ìdábùú, tàbí kí ẹ̀yìn ẹnu irin náà, ìyẹn ibi tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ibi tó mú, tó fara kan igi. Igi ń bọ̀ láti òkè. Ó kọ́ ẹnu irin náà, ó fà á lọ sísàlẹ̀. Irin náà bá ìdábùú pàdé pẹ̀lú agbára, ọwọ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbéra sókè, ẹnu rẹ̀ sì túbọ̀ wọ inú igi. Nǹkan mélòó kan ló lè tẹ̀ lé e: igi lè fàya, ó lè fò kúrò lẹ́nu chuck, irin lè ṣẹ́, tàbí kí ìka tó wà láàárín irin àti ìdábùú fún pọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ.

Ètò tó ń dènà rẹ̀ kò le, àfi pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ẹ kọ́kọ́ gbé irin lé ìdábùú, kí ó jókòó dáadáa kó tó kan igi rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹnu irin fara kan igi, láìgé ohunkóhun. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń rọra ha á. Ìgbà yìí ni ẹ ó wá máa gbé ọwọ́ irin sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹnu rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú igi, tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ igi yóò máa jáde. Ní gbogbo àkókò tó bá ń gé, ẹ̀yìn ẹnu irin gbọ́dọ̀ wà lára igi, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu irin wọlé ju bó ṣe yẹ lọ. Irin ìhagi nìkan ni kì í tẹ̀ lé ètò yìí: òun kì í fi ẹ̀yìn ẹnu kan igi, ńṣe ni a máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ dà kọ ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí igi bá tilẹ̀ já a gbà, òfìfo ni yóò fà á lọ, kò ní fà á wọ inú igi.

Jíjìnnà ìdábùú sí igi ló ń sọ bí ìjágbà ṣe máa lágbára tó. Ká ní ibi tí ẹ ti di irin mú jìnnà sí ìdábùú ní sẹ̀ǹtímítà 40. Bí ẹnu irin bá yọ kọjá ìdábùú ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, agbára tí igi fi fà á, ìdá kan nínú 40 rẹ̀ ló máa dé ọwọ́ yín. Bó bá yọ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àlàfo ìdábùú àti igi wà ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 6, àti pé bí igi bá ti ń kéré sí i, ká máa pa ẹ̀rọ láti sún ìdábùú mọ́ ọn. Ká pa á ni mo wí. Ẹni tó bá ń sún ìdábùú nígbà tí igi ń yí ti gbé ìka rẹ̀ sáàárín irin tí kò mì àti igi tí kò dúró.

Irin tó kújú wá di ewu níhìn-ín. Ẹni tó ń lo irin tó mú kì í tì í. Igi fúnra rẹ̀ ló ń wá bá ẹnu irin, ọwọ́ kàn ń darí rẹ̀ ni. Bí irin bá ti kújú, oníṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára tì í, ẹ̀yìn ẹnu irin á ṣí kúrò lára igi, ìjágbà sì dé nìyẹn. Bí eruku bá ń jáde dípò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irin ń bẹ̀bẹ̀ fún pípọ́n. Kókó kan tún wà tí kò ṣeé fi ṣeré: irin ńlá oníkòtò tí wọ́n fi ń sọ igi onígun mẹ́rin gígùn di roboto kò sí fún abọ́. Ìrù rẹ̀ tó wọ inú ọwọ́ onígi tẹ́ẹ́rẹ́ ju ara rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ṣẹ́ bí ìjágbà abọ́ bá dé bá a. Irin tí wọ́n ṣe fún abọ́ máa ń nípọn láti ẹnu dé ìrù.

Ẹ jẹ́ ká wá yanjú ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́. Ká ní ohun roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré ló ń yí ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohunkóhun tó bá kọ́ ọ lára, yóò máa ká a ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 157 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọpọlọ tó rí ewu kó sì sọ fún ọwọ́ pé kó fà sẹ́yìn, ó tó ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ ti ká sẹ̀ǹtímítà 39 nígbà náà, ìyẹn bíi láti orí ìka dé ìgúnpá. Ìbọ̀wọ́ kì í ya bí awọ ara ṣe ń ya. Ńṣe ni yóò fa ọwọ́ lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bákan náà ni apá aṣọ gígùn, táì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, òrùka, okùn ìbòrí àti irun tí a kò dì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kú nígbà tí irun rẹ̀ kó sínú lathe lóru, tí kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí rẹ̀. Irin ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹn gbẹ́, kì í ṣe igi, àmọ́ ohun tó ń yí kò mọ ìyàtọ̀. Irun gbọ́dọ̀ wà ní dídì sẹ́yìn kó sì wà lábẹ́ fìlà tàbí ìbòrí tó fún mọ́ra. Kò tó kó kàn wà lẹ́yìn ọrùn, nítorí pé yíyọjú wo inú abọ́ lè mú un yí síwájú.

Ìdí kan náà ló mú kó jẹ́ pé bébà ìnuwọ́ ni a fi ń pa òróró tàbí fáníìṣì sára igi tó ń yí. Bí bébà bá kọ́, ó máa ya. Aṣọ kò ní ya, pàápàá bí ẹni tó dì í mú bá ti ká a mọ́ ìka.

Nígbà tí ẹ bá ń fi sáńpépà yọ́ igi, ẹ yọ ìdábùú kúrò pátápátá, nítorí ìka tó bá há sáàárín rẹ̀ àti igi kò ní padà bó ṣe wà. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì fi sáńpépà sí ibi tí igi ti ń yí lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ já a gbà, ńṣe ni yóò ju ọwọ́ yín dànù, kò ní fà á wọlé. Ẹ má fi ìka bọ inú ihò kékeré láti yọ́ ọ. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni kí ẹ fi sáńpépà wé, òun ni kí ẹ fi bọ inú ihò náà. Abọ́ tí etí rẹ̀ kò dọ́gba, tí wọ́n fi èèpo sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ẹwà, tún ní ewu tirẹ̀: bó bá ń yí, etí rẹ̀ tó yọ síta máa ń di òjìji tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ọwọ́ sì lè wọ ibi tó jọ òfìfo. Ìmọ́lẹ̀ tó dára láti ẹ̀gbẹ́ máa ń jẹ́ kí òjìji náà hàn.

Àsìkò sáńpépà ni eruku ń pọ̀ jù, ewu rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọjọ́ kan. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti fi eruku igi sí ìpele kìíní láti ọdún 1995, ìyẹn ìpele àwọn ohun tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn; ihò imú àti àwọn ihò egungun tó yí i ká ni jẹjẹrẹ tí eruku igi ń fà ti máa ń mú èèyàn. Yàtọ̀ sí èyí, eruku igi kan máa ń bá ara àwọn èèyàn kan jà. Ìrókò wà lára wọn: eruku rẹ̀ lè fa ikọ́ fée, ó sì lè mú kí ara yún kó sì sú. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ara lè gbà á fún ìgbà pípẹ́ kó tó kọ̀ ọ́, nítorí náà “mo ti ń lo igi yìí tipẹ́” kì í ṣe ààbò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí irin ń gé kì í wọ ẹ̀dọ̀fóró. Eruku lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò rí ni ó ń wọ̀ ọ́, ó sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dúró. Ìbomú irú N95 tàbí FFP2, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ni ó kéré jù, ẹ má sì tètè yọ ọ́ nítorí pé ẹ ti pa ẹ̀rọ. Ìbomú kì í lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n. Ẹni tó bá ní irùngbọ̀n yóò nílò ìbòjú tó ní fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn tí a ti sẹ́ sí i lójú.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, bébà àti àkísà tó ti mu òróró, pàápàá òróró linseed, kò yẹ ní kíkó jọ sójú kan. Bí òróró náà ti ń gbẹ ló ń mú ooru jáde; bí a bá ká àkísà náà tàbí tí a dì í sínú àpò, ooru náà kò ní rí ibi gbà jáde, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ti lọ sílé. Nínú ilé tí eruku igi kún inú rẹ̀, iná bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ ràn. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níta kí wọ́n gbẹ di gbándígbándí kí ẹ tó dà wọ́n nù, tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú omi nínú agolo irin tó ní ìdérí.